Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, kí ọjà Amẹ́ríkà tó ṣí lọ́jọ́ Ajé

Láfíàjí, Èkó

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo ti ka ohun tí o kọ ránṣẹ́ nípa call àti put, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà (call) tàbí láti tà á (put) ní iye tí wọ́n ti dá, tí o ń rà ní ọjà Amẹ́ríkà láti orí fóònù. Ìyá rẹ ní kí n bá ọ wí. Mi ò ní bá ọ wí. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó sí Customs Street, tó ń bá àwọn èèyàn ra ṣíà, kò lẹ́nu láti ní kí ọmọ òun má dé ọjà. Ṣùgbọ́n o ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò dùn. Mo wo gbogbo ohun tí o kọ títí, mi ò rí ibi tí o ti sọ pé bí kò bá wá dùn ńkọ́, èló ni yóò lọ?

Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ọjà ṣì wà ní títì, ni kí o ti kọ iye tí o lè pàdánù lọ́sẹ̀ náà sílẹ̀, kí o tó kọ èrè kankan.

Ẹni tó ra ṣíà lè tì í mọ́ àpótí kó máa wò ó. Options, ìyẹn call àti put wọ̀nyí, ní ọjọ́ ikú. Ó dà bí àsansílẹ̀ lórí ilẹ̀ ní Ìkòròdú: o sanwó kí wọ́n má baà tà á fún ẹlòmíì títí di ọjọ́ kan, bí ọjọ́ náà bá sì kọjá tí o kò rí ìyókù san, onílẹ̀ kò ní dá owó rẹ padà. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ṣíà kan wà ní dọ́là 100. O ra call tí strike rẹ̀, iye tí o lè fi ra ṣíà náà, jẹ́ 105, tó máa kú ní Jímọ̀, ní dọ́là 2. Call kan dúró fún ṣíà 100, nítorí náà dọ́là 200 ló jáde lápò rẹ. Jímọ̀ dé, ṣíà náà gòkè dé 106. O mọ̀ ọ́n, àbí? Síbẹ̀, dọ́là 100 péré ni call rẹ tó lọ́jọ́ náà, torí dọ́là 1 péré ni ṣíà kọ̀ọ̀kan fi kọjá strike. O mọ ibi tí ọjà ń lọ, ìdajì owó rẹ sì tún bá a lọ. Àfi bí ṣíà náà bá kọjá 107 lọ́jọ́ náà ni èrè tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí o tó ra ohunkóhun, wo ohun tí ọjà fúnra rẹ̀ ń retí. Mú call àti put tí strike wọn wà níbi tí ṣíà náà wà gan-an, tí wọ́n jọ máa kú ní Jímọ̀, kí o ro owó méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ dọ́là 3, ohun tí ọjà ń wí ni pé ṣíà náà lè fi nǹkan bíi dọ́là 6 gòkè tàbí kó fi í wálẹ̀. Bó bá jẹ́ dọ́là 10 ni ìwọ ń wá, o gbọ́dọ̀ mọ ohun kan tí ọjà kò mọ̀. Pé ẹnì kan sọ ọ́ lórí Telegram kò tó.

Lẹ́yìn náà, kọ ọjọ́ ìròyìn sílẹ̀. Aago tiwa kì í yí, tiwọn ló ń yí. Láti ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, aago 2:30 ọ̀sán ni ọjà wọn ń ṣí lójú aago wa, ó sì ń tì ní aago 9 alẹ́. Ní ìyókù ọdún, fi wákàtí kan kún un. Ìròyìn ọ̀wọ́n ọjà àti ti iṣẹ́ máa ń jáde ní wákàtí kan ṣáájú kí ọjà tó ṣí. Ti iṣẹ́ sábà máa ń bọ́ sí Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́dún ni Fed, báńkì àgbà Amẹ́ríkà, ń ṣe ìpàdé lórí èlé. Wákàtí méjì kí ọjà tó tì ni wọ́n ń kéde, ọ̀gá wọn á sì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọjà lè fò sókè nígbà ìkéde kó sì ti yí padà kí ọ̀gá náà tó sọ̀rọ̀ tán.

Ìròyìn èrè àwọn iléeṣẹ́ ló le jù. Kó tó jáde, owó call àti put á ti wú, torí gbogbo èèyàn ló ń dù ú. Bó bá ti jáde, ìwú náà á rọlẹ̀. Ìròyìn lè dára, ṣíà lè gòkè, kí call rẹ sì wálẹ̀. Bó bá di dandan kí o wọ̀ ọ́, bí o ti ń ra call kan, ta èyí tí strike rẹ̀ ga jù ú lọ: èrè rẹ á ní ààlà, àmọ́ owó tó wà nínú ewu á dín. Má ta call láì ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó dúró fún un o. Àdánù ibẹ̀ kò lópin. Èyí nìkan ni mo fi àṣẹ bàbá sọ.

Àkókò rẹ ló ń kọ mí lóminú jù. Ọjà ṣí, o wà lẹ́nu iṣẹ́. O kúrò ní Marina ní aago márùn-ún, o wọ ọkọ̀ ní CMS, Third Mainland dí, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń wá ó ń lọ. Ṣé ibẹ̀ ni o ti fẹ́ pinnu bóyá kí o tà? Àwọn call tí wọ́n ń rà lónìí tó ń kú lónìí, ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ ni wọ́n wà fún. Ìwọ ra èyí tó ṣì ní oṣù kan tàbí oṣù kan ààbọ̀, kí o sì ti fi limit order rẹ sílẹ̀, ìyẹn àṣẹ pé kí wọ́n tà á bó bá ti dé iye tí o dá. Má sì jẹ́ kí alẹ́ Jímọ̀ tí call máa kú bá a lọ́wọ́ rẹ, bí ṣíà bá fi sẹ́ńtì kan péré kọjá strike. Wọ́n á sọ ọ́ di ṣíà fúnra wọn. Strike 105 ń bèèrè dọ́là 10,500, èyí tí o kò ní.

Ní ti iye, má fi ju ìdá 2 nínú 100 sórí ọ̀kan. Nínú dọ́là 3,000 rẹ, dọ́là 60 nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ: o ní 60 kò ra nǹkan. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ á wà tí o kò ní ra nǹkan kan. Kọ ìyẹn náà sínú ètò.

Má sì yáwó. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, ìwọ̀n ọjà ṣíà wa níbí (All-Share Index) kọjá 66,000. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2009, ó ti já sí nǹkan bíi 20,000. Kì í ṣe ṣíà tó ṣubú nìkan ló pa àwọn èèyàn, owó báńkì tí wọ́n fi rà á ni. Ṣíà ń wálẹ̀, èlé ń gun èlé. Ní 2010 ìjọba dá AMCON sílẹ̀ láti gba gbèsè tó bàjẹ́ lọ́rùn àwọn báńkì. Àwọn oníbàárà tí mo mọ̀ ló fúnra wọn gbé tiwọn.

Bí o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ìwé ni kí o kọ ètò náà sí, má kàn fi fóònù hàn mí. Mo fẹ́ rí àdánù lójú ewé àkọ́kọ́. Ìyá rẹ ní kí o ra ewédú bọ̀ ní Oyíngbò, ó ní ti ibí ti wọ́n jù.

Èmi ni,
Bàbá rẹ