Ooru Abẹ́òkúta kọ́ ni ooru Maiduguri

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní ooru ti sọ Abẹ́òkúta di Maiduguri, ẹ̀rín pa mí. Mo ṣòwò ní Maiduguri kí n tó padà sí Adátán níbí, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ooru tiwa, olómi ni, aṣọ á lẹ̀ mọ́ èèyàn lára. Tiwọn, láti oṣù kẹta dé ìkarùn-ún ó máa ń kọjá 40 digiri, ṣùgbọ́n èèyàn ò ní rí òógùn, bó ṣe ń jáde ló ń gbẹ, iyọ̀ funfun ló máa kù sọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì, èèyàn ò ní mọ̀ pé omi ti tán lára òun àfi tí òòyì bá ń kọ́ ọ. Tó bá wá di ìgbà ọyẹ́, láti oṣù kọkànlá, eruku Sahara á bo ojú oòrùn, ètè á bẹ́, lóru èèyàn á máa wá bùláńkẹ́ẹ̀tì kiri torí kò sí ìkùukùu tó máa dá ooru ọ̀sán dúró. Ẹ ò lè fi ọyẹ́ wa tó ń yọjú tó ń sá lọ yìí wé e.

Òjò ńkọ́? Tiwọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án lọ, oṣù kẹjọ tí tiwa máa ń dá díẹ̀ gan-an ni tiwọn ń rọ̀ jù, òjò ló gòkè lọ bá wọn. Ẹ má sì rò pé ibi tó gbẹ ò mọ omíyalé o, ṣebí gbogbo wa la gbọ́ nígbà tí dáàmù Alau tó wà nítòsí Maiduguri ya ní oṣù kẹsàn-án 2024.

Ohun tó ń dùn mí ni ti igi. Dóńgóyárò pọ̀ lójú títì Maiduguri, abẹ́ ẹ̀ ni télọ̀ ń rán aṣọ, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ṣúyà. Àwa ńkọ́, táa bá fẹ́ kọ́lé igi la kọ́kọ́ ń gé, a ó da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo àgbàlá, a ó kan páànù lé orí ilé, àpáta tó ti ń mu oòrùn látàárọ̀ á máa tu ú sí wa lára lálẹ́, a ó wá ní Òkè Ọya ló dé.

Ẹ bá mi bi ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn, igi mélòó ló kù nínú àgbàlá tiẹ̀?

Oníṣòwò kan,
Adátán, Abẹ́òkúta.