Tanátaná kọ́ nìyẹn o, Olóòtú

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìròyìn tẹ́ ẹ gbé jáde nípa kòkòrò tó ń ba ọgbà àjàrà jẹ́ ní Amẹ́ríkà, mo kà á tán, inú mi sì dùn pé ẹ rántí wa níbí, àmọ́ "tanátaná" lẹ pè é látòkè délẹ̀, ìyẹn ni ò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Mo mọ̀ pé "lanternfly" (kòkòrò fìtílà) tóyìnbó ń pè é ló fà á. Fìtílà kankan ò sí lára ẹ̀ o! Obìnrin ayàwòrán kan, Maria Sibylla Merian, tó lọ sí Suriname, ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1705 pé orí ọ̀kan nínú wọn máa ń tàn lóru, nígbà tó di 1758 Linnaeus, onímọ̀ tó ń fún ohun abẹ̀mí lórúkọ, náà sọ ọ́ ní laternaria, bí orúkọ fìtílà ṣe lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹbí wọn, ìyẹn Fulgoridae, títí dòní nìyẹn, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni, kì í tàn.

Tanátaná tiwa, yímíyímí ló bá tan, ìdí ẹ̀ sì ń tàn lóòótọ́. Ìdun ni eléyìí bá tan ní tiẹ̀. Bí ìdun ṣe ń ki ẹnu bí abẹ́rẹ́ bọ ara wa tó ń fa ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń ki ẹnu ẹ̀ bọ èèpo igi tó ń fa omi ẹ̀ mu.

Pennsylvania tí mò ń gbé yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà, ní 2014, ìlà oòrùn Éṣíà ló ti wá. Mo ti mú ọ̀kan lára igi ẹ̀yìnkùlé wa rí, mo wo ojú ẹ̀ dáadáa: abẹ́ ẹyinjú ni ìwo ẹ̀ wà, ìdí ìwo ọ̀hún wú rọ̀bọ̀tọ̀, ó pọ́n bí ọsàn tó pọ́n, ibi ìwo yẹn gan-an ni wọ́n fi ń dá kòkòrò yìí àti àwọn ìbátan ẹ̀ mọ̀. Ìyẹ́ ẹ̀ rí bí eérú, ó ní àmì dúdú kéékèèké, àfi tó bá fò ni pupa tó wà lábẹ́ á tó yọ. Ilẹ̀ ìdí igi yẹn ń lẹ̀ mọ́ni ní bàtà, torí omi dídùn tí wọ́n ń yà sílẹ̀, ewé abẹ́ ẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹni tó bá ka "tanátaná" á máa wá iná lálẹ́ ni, kò ní wo ẹyin ẹ̀ tó dà bí amọ̀ gbígbẹ lára igi àti mọ́tò, bẹ́ẹ̀ 30 sí 50 ló ń wà lójú kan, ibẹ̀ ló sì yẹ ká ti ha á dànù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe. "Kòkòrò afami-igi" náà tó.

Èmi ni òǹkàwé yín ní Pennsylvania