Lẹ́tà sí Bùọ̀dá mi tó ń tẹ dùùrù

Bùọ̀dá mi,

Ẹ kú ìmúra o. Káàdì ìpè yín ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Awakọ̀ tó gbé e wá láti Ìkọ̀lé kó iṣu tuntun tí ìyàwó yín fi ránṣẹ́ mọ́ ọn, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ogójì ọdún nídìí dùùrù kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Mo ti ń fi káàdì náà yangàn fún àwọn ará ilé kí n tó ṣí i wo. Ìgbà tí mo ṣí i ni mo rí orin ìwọlé: Onígbàgbọ́, ẹ bú sáyọ̀. Orin Kérésì lóṣù kẹjọ!

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orin yẹn ni Yèyé ní ká kọ fún òun. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọ ìlà kìíní orin kan, wọ́n á gba ìyókù lẹ́nu yín. Ẹ̀yìnkùlé la wà lọ́jọ́ tí wọ́n to ètò ìsìnkú ara wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ní kí n lọ mú bíírò wá. Ẹ̀yìn ìwé orin wọn ni mo kọ ọ́ sí bí wọ́n ṣe ń pè é. Nígbà tí a kan ti Kérésì, mo bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Kí lo rí tó o fi ń rẹ́rìn-ín? Ọjọ́ tí mo bá délé, ẹkún ni ẹ fẹ́ fi sìn mí ni?”

Nígbà tí Yèyé papò dà, ẹ gbé ìwé náà lójú gbogbo ẹbí, ẹ yí i síwá yí i sẹ́yìn, ẹ ní ọwọ́ tèmi lẹ rí níbẹ̀, ẹ ò rí ọwọ́ Yèyé. Bùọ̀dá, ọwọ́ ta ni ì bá wà níbẹ̀? Ẹ ní ìjọ ní ètò, pé a ò gbọdọ̀ kọ orin Kérésì nínú Lẹ́ńtì, pé àlùfáà ò ní gbà. Ẹ ò bi àlùfáà. Orin ìsìnkú tí gbogbo ayé ń kọ lẹ tẹ̀, ẹ sì wọ́ ọ nílẹ̀ bí igi gẹdú. Àwọn àbúrò bàbá wa kan ṣì ń fi ojú ẹni tó fẹ́ fi orúkọ òkú ṣe tinú ara rẹ̀ wò mí títí dòní.

Orin ìjọ kọ́ ni mò ń bá jà. Ibo la ó ti bí wa tí a ò ní fẹ́ràn rẹ̀? Mo ṣì ń rántí dùùrù ìjọ̀sí, tí ẹ fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ lẹ ibi tó ti ya lábẹ́ ẹsẹ̀, tí ẹyọ kan láàárín rẹ̀ kì í dún. Bí orin bá ti dé ibẹ̀, gbogbo akọrin á gbé ohùn sókè kí ìjọ má baà mọ̀. Mo rántí rúlà yín náà, o. Ìka mi rántí rẹ̀ dáadáa. Ohùn òkè ni mo ní, ẹ tì mí sí áltò, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, nítorí pé èèyàn ò tó níbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí C.M. lókè orin, àmì tó ń sọ bí ìlà orin ṣe gùn tó, ohùn C.M. èyíkéyìí tó bá wù yín lẹ máa gbé wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ròkè á máa sọ̀kalẹ̀, Yèyé á wá fẹjú láàárín ìjọ pé kí la ń sọ ná? Irú orin tí Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti lọ kọ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 ni wọ́n fẹ́ràn, èyí tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹnu wa. Ẹ̀yin ń fi Phillips búra, ẹni tó jókòó sídìí dùùrù kàtídírà Máríńnà l’Ékòó láti 1914. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló fi ayé rẹ̀ wá bí orin ìjọ ṣe máa bá ohùn Yorùbá mu.

Ṣé Yèyé lẹ rántí tí ẹ fi mú orin náà, àbí ẹ ti gbàgbé pé ẹ kọ̀ ọ́ fún wọn? Mi ò mọ èyí tí ì bá dùn mí jù.

Àna yín, ọkọ mi, ńkọ́? Wọ́n wà níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni rọpárọsẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ bá a lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ omi, “ìyẹn, ìyẹn” ni wọ́n á máa wí. Lálẹ́ ọjọ́ kan mò ń fún wọn lẹ́kọ, mo ń kùn sínú, ni mo bá gbọ́ tí wọ́n gbà á: Wà bá mi gbé, alẹ́ fẹ́rẹ̀ lẹ́ tán. Wọ́n kọ ẹsẹ kìíní délẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ò bọ́. Mo ní, “Dádì, ẹ pe orúkọ mi.” Wọ́n ní, “Ìyẹn.” Ọmọbìnrin tó ń bá wọn na ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn ní kò ya òun lẹ́nu, pé apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ ń gbé lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ibẹ̀ ni àìsàn náà sì bà jẹ́, ṣùgbọ́n orin máa ń rí ọ̀nà gba apá ọ̀tún. Ó ní kí n máa bá wọn kọrin lójoojúmọ́.

Orin yẹn nìkan ni wọ́n ń fẹ́, ẹ̀yin lẹ sì ti bà á jẹ́ fún mi. Ẹ kì í kọ́ wa tán láìsọ pé Lyte kọ ọ́ ní 1847, kò sì rí ìparí ọdún náà. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín òru, àyà mi á já. Ìyá tó wà ní yàrá kejì ti wá kan ilẹ̀kùn rí, ó ti wé gèlè dúdú. Owó oògùn ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì mi tán kí oṣù tó dé ìdajì, àwọn ọmọ ń pè lórí fóònù pé “Mọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú.”

Mi ò ní lè wá síbi ìdúpẹ́ yín, ta ni màá fi wọ́n tì? Ẹ ti gba Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì kọjá wá sí Adó fún ìpàdé akọrin láìyà sílé mi. Ẹ yà lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù kékeré tí ọmọ yín rà sínú mọ́tò, kí ẹ kọ́ àna yín ní orin mìíràn, èyí tó yára díẹ̀. Ẹ bá mi mú ìwé orin Yèyé náà dání. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ níjọ́sí ti tó, ẹ má fi òmíràn kún un. Ẹ má kàn wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ilé ìwòsàn la máa ń wà.

Èmi ni,
Àbúrò yín