Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi Ẹ̀gbọ́n léèrè

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìgbà tí mo kà á dé ibi tí o ti ní ẹ ti ń wá ilé ìtọ́jú tí ẹ máa gbé Ẹ̀gbọ́n lọ, torí pé wọn ò lè rìn mọ́, ọkàn mi dàrú. Jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ ti bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́?

O mọ̀ pé ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ran àwọn àgbà tó jẹ́ aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ nínú ilé wọn. Ọkùnrin kan wà tí mò ń lọ bá láàárọ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Mo máa ń sáré bá a de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ kí a lè tètè ṣe tán. Lọ́jọ́ kan ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ní, "Fi èyí sílẹ̀ fún mi." Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó de é tán. Mo jókòó tì í, ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà, mi ò fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀ láìbéèrè.

Ed Roberts ní Amẹ́ríkà, tí àrùn rọpárọsẹ̀ (pólíò) mú nígbà èwe, ẹ̀rọ ló ń bá a mí lóru. Síbẹ̀ òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibùdó kan sílẹ̀ ní ìlú Berkeley níbẹ̀ lọ́dún 1972, níbi tí àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn ti ń bá ara wọn wá olùrànlọ́wọ́ àti ilé tí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ̀. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara náà sọ ọ́ ní abala 19: àwọn ló máa yan ibi tí wọ́n máa gbé àti ẹni tí wọ́n máa bá gbé.

Nítorí náà, ẹ jókòó ti Ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n sọ bí ọjọ́ wọn ṣe ń lọ fún yín, láti ìgbà tí wọ́n bá jí títí wọ́n á fi sùn, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí wọ́n ti nílò ọwọ́ ẹlòmíì. Ó lè má ju òwúrọ̀ àti alẹ́ lọ. Ẹ béèrè nípa ìjáde wọn pẹ̀lú: ibi iṣẹ́, ilé ìjọsìn, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́. Ẹni tí wọ́n wẹ̀ fún, tí wọ́n fún lóúnjẹ, tí kò sì rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀, ìyà ṣì ń jẹ ẹ́.

Màmá ńkọ́? Ẹ̀yìn wọn ò lè máa gbé àgbàlagbà lójoojúmọ́. Ẹ wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí wọ́n lè sinmi.

Tètè fèsì. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n bá fi ẹnu ara wọn sọ ni kí o kọ sí mi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́