Àbẹ̀kẹ́, mo ti pa ọba inú géèmù wa rẹ́

Òṣogbo,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹjọ.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ òru yẹn ti ń jẹ́ kí o rí oorun sùn? Mo yà kí Bàbá ní Àìkú tó kọjá. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́, pé kí o má fi owó oògùn ránṣẹ́ lóṣù yìí. Àlejò ọdún Ọ̀ṣun ti kún ìlú, ariwo ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ara ẹni, òru ni mo fi ń kọ ìwé yìí.

Ó yẹ kí n ti kọ ọ́ láti oṣù tó kọjá. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo ti fọwọ́ kan iṣẹ́ tí àwa méjèèjì jọ ṣe, n ò sì fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí o lọ máa gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì. Mo ti pa ọba yẹn rẹ́. Ọba tí a fi ọdún kan àbọ̀ kọ ìtàn rẹ̀, tòun ti bàbá rẹ̀, tòun ti bàbá bàbá rẹ̀, àti ogun méje tí wọ́n jà kí géèmù náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Mo yọ gbogbo rẹ̀. Má tíì bínú. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe jẹ́.

Lẹ́yìn tí o lọ, mo kó iṣẹ́ wa kúrò lórí RPG Maker VX Ace, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe géèmù, bọ́ sórí RPG Maker MV, ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn. MV kì í ṣí iṣẹ́ tí wọ́n fi VX Ace ṣe, nítorí náà ọwọ́ ni mo fi tún gbogbo ìlú inú rẹ̀ tò, ilé kọ̀ọ̀kan, igi kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tó ohun tí wọ́n lè gbá, mo gbé láptọ́ọ̀pù fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo sì pa ẹnu mọ́. O rántí bí géèmù náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ojú rẹ̀ á dúdú, ìtàn ọba á máa yí gòkè ní funfun. Ọmọ náà ò ka ju ìlà mẹ́ta lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì lémọ́lémọ́ kó lè kọjá. Ogun méje, Àbẹ̀kẹ́. Ó fò wọ́n bí ẹni fo gọ́tà.

Ó wọ ìlú, ó bá ìyá kan pàdé lẹ́nu bodè. Ìwọ gan-an lè má rántí ìyá yìí, torí pé kí ẹnu bodè má bàa ṣófo ni mo ṣe fi í síbẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì ń sọ: “Oko mi da?” Mo kọ ọ́ láìfi àmì sí i, o mọ ìdí rẹ̀. Ọkọ ni mo ní lọ́kàn, ọkọ tó fẹ́ ẹ. Ọmọ yìí dúró. Ó wo ìyá náà títí. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Àǹtí, ọkọ̀ wo ni wọ́n ń dúró dè?” N kò dá a lóhùn. Ó fi ìyá náà sílẹ̀, ó rin gbogbo ìlú, ó ń wá ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà wọlé. Kò rí i. Ó tún padà sọ́dọ̀ ìyá náà, ó tún tẹ̀ ẹ́, bóyá á sọ nǹkan mìíràn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú.

N kò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tó kà dára ju ohun tí mo kọ lọ. Ìyá kan dúró lẹ́nu bodè, ó ń retí ọkọ̀ kan tí kò dé. Gbogbo ohun tí a kọ nípa ọba, kò sí ìkankan níbẹ̀ tó sọ ohun tí ọba yẹn ń fẹ́ lọ́jọ́ òní, ní ìṣẹ́jú yìí. A mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, a mọ orúkọ ẹṣin rẹ̀, a ò mọ ohun tó ń wá.

Ìwọ lo sì kọ́kọ́ fi èyí hàn mí, lórí láptọ́ọ̀pù rẹ tí kì í tàn láìsí iná: géèmù To the Moon, èyí tí Kan Gao fi RPG Maker XP ṣe ní 2011. Bàbá arúgbó kan ń kú lọ, ó fẹ́ dé orí òṣùpá, kò sì mọ ìdí tó fi fẹ́ dé ibẹ̀. Dókítà méjì wọ inú ìrántí rẹ̀ lọ wá ìdí náà. Ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀ rárá. Ohun kan tí ẹnì kan ń fẹ́ ló gbé géèmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. O sunkún lọ́jọ́ náà, o ní òórùn ata tí mo ń dín ni. A rí i, a mọ̀ pé ó dára, a tún padà lọ kọ ogun méje.

Ọ̀rọ̀ àmì ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. O rántí pé àmì ohùn máa ń fò kúrò lórí lẹ́tà wa, ìyẹn la ṣe yọ gbogbo wọn. Mo ti wá mọ ibi tó ti ń wá. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni MV máa ń yà sójú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà “ẹ” tó ní àmì òkè lórí kì í ṣe ẹyọ kan lójú kọ̀ǹpútà: “ẹ” jẹ́ ọ̀tọ̀, àmì jẹ́ ọ̀tọ̀. Á ya “ẹ”, á sún síwájú, á wá ya àmì náà lóun nìkan sí ààyè òfìfo. Mo kọ plugin kékeré kan, ìyẹn àfikún kóòdù, tó ń wo iwájú kó tó ya lẹ́tà. Bó bá rí i pé àmì ló tẹ̀ lé e, á so wọ́n pọ̀, á yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá fi Noto Sans rọ́pò fọ́ǹtì tó bá a wá. Nígbà tí mo rí “Ọkọ̀ Èkó ò tíì dé?” lójú kọ̀ǹpútà, tí àmì kọ̀ọ̀kan jókòó sórí lẹ́tà tirẹ̀, mo pe màmá mi kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n kà á sókè. Wọn ò tíì ka nǹkan kan nínú géèmù rí láyé wọn.

Ìyá ẹnu bodè ti di aláró báyìí. Mo lọ jókòó ti aláró kan gan-an ládùúgbò wa, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òórùn elú tó ti rà nínú ìkòkò kọ́kọ́ lé mi sẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n sọ ìtàn ayé wọn fún mi. Mo mú ìwé àti bírò dání. Wọ́n ní, “Di etí aṣọ yẹn mú.” Wọ́n ri àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan bọ inú aró, wọ́n fà á yọ, àti pé, Àbẹ̀kẹ́, aṣọ náà ò dúdú. Ó rí bí ewé tútù. A nà án sójú afẹ́fẹ́, èmi lápá kan, àwọn lápá kejì, mo sì ń wò ó bó ṣe ń yí níwájú mi, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di àwọ̀ aró. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá fọn fèrè ní títì, wọ́n a gbójú sókè, wọ́n a tún tẹ̀ ẹ́ ba. Wọn ò sọ ẹni tí wọ́n ń retí. N kò sì bi wọ́n.

Bó ṣe wà nínú géèmù nìyẹn gẹ́lẹ́. Bí o bá tẹ ìyá aláró, kò ní sọ ìtàn kankan fún ọ. Á ní kí o di etí aṣọ mú. Àwòrán mẹ́rin ni mo yà fún aṣọ náà, láti àwọ̀ ewé dé àwọ̀ aró, o ò sì lè kúrò níbẹ̀ títí yóò fi yí tán.

Ohun kejì tí mo yí padà ni ẹnu akọni wa. Yuji Horii, ará Jàpáànì tó kọ ìtàn géèmù Dragon Quest ní 1986, jẹ́ kí akọni rẹ̀ máa dákẹ́, kí ẹni tó ń gbá a lè ka ara rẹ̀ sí akọni náà. Ọ̀pọ̀ géèmù tẹ̀ lé e, àwa náà gbé e bẹ́ẹ̀ láìrò ó. Ṣùgbọ́n rò ó wò: ọmọ kan wọ ìlú àwọn bàbá rẹ̀, ó kọjá lára àgbàlagbà mẹ́wàá láìkí ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn náà ó wọlé wọn, ó ṣí àpótí wọn, ó kó owó. Àwa la kọ ọ́, a sì pè é ní akọni.

Báyìí, ìkíni ló ń ṣílẹ̀kùn. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan, àpótí ìbéèrè á yọ, àyè mẹ́fà ni MV gbà nínú rẹ̀. O bá ọdẹ, wàá ní “Àrìnpa o.” O bá àgbẹ̀, “Àroko bọ́dún dé o.” Onídìrí, “Ojú gbooro o.” Ọlọ́jà, “Ajé á wọ igbá o.” Aláró, “Àrẹdú o.” Bí o bá ṣì í, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà, wọn á kàn dáhùn ní ṣókí, o ò sì ní gbọ́ ohun tí wọn ìbá sọ. Ilé kan wà lápá òsì ọjà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ sí àbọ̀, àwọn ènìyàn jókòó síta, wọn ò tajà, wọn ò sọ̀rọ̀. N kò kọ ọ́ sí ibì kankan pé òkú sọ ní ilé náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ki wọ́n ní “Ẹ kú ìnáwó” ní ọjọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì ó padà lọ fúnra rẹ̀, ó yan “Ẹ kú ará fẹ́ra kù.” N kò sọ nǹkan kan fún un. Inú mi dùn débi pé mo jáde lọ dúró níta.

O sì máa fẹ́ràn èyí. Ọmọkùnrin olówó kan wà nínú ìtàn tuntun yìí, òun ló fẹ́ gba ilẹ̀ tí ìkòkò aró wà. Kò ní ìtàn ibi, kò rẹ́rìn-ín burúkú, aṣọ dúdú kọ́ ló wọ̀. Ó kàn dé ọ̀dọ̀ ìyá àádọ́rin ọdún, ó ní, “Ìyá, ṣé o ti rí owó mi?” O. Lẹ́tà kan ṣoṣo. Gbogbo ẹni tí mo fún gbá ló ti kórìíra rẹ̀ láti ibẹ̀. Oníbodè ńkọ́? “O” ló fi ń pe akọni láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà, mo tan switch kan, bọ́tìnnì inú MV tó ń rántí pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, “ẹ” ló wá ń lò. Kò sí orin ìṣẹ́gun, kò sí wúrà. Èmi ò mọ èdè mìíràn tí mo lè fi ṣe èyí ní lẹ́tà kan.

Ọ̀rọ̀ orúkọ akọni náà yanjú. Ibi tí MV ti ń jẹ́ kéèyàn tẹ orúkọ kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, mo bá yọ ọ́. “Ọmọ yìí” ni gbogbo ìlú ń pe akọni. Ìgbà tó bá di etí aṣọ mú lẹ́ẹ̀kẹta ni ìyá aláró á ní, “Àkànní, rọra.” Bí ó bá jẹ́ obìnrin lo yàn, á ní “Àjíkẹ́.” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó nà gbalaja sórí àga láti àárọ̀ gbọ́ ọ, ó dìde jókòó dáadáa.

Ìjà ṣì wà nínú igbó, mo dín in kù ni. Àwọn ará Yaoundé ní Kamẹrúùnù tó ṣe géèmù Aurion ní 2016 ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ níbẹ̀: akọni wọn àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń rìn ni, wọ́n sì jọ ń jà. A lè jà kí a má sì pa ìwà tì.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé gan-an nìyí. Lópin rẹ̀, ọkọ̀ Èkó dé. Òru ni. Ọmọ ìyá aláró sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì kan. Ọdún mẹ́jọ ló ti lọ. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nígbà mọ́kànlá, mo ti pa á rẹ́ nígbà mọ́kànlá, torí ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó sílé tó ń rò bí àjò ṣe ń rí ló ń jáde. Ìwọ ni kí o kọ ọ́. Àpótí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fi sílẹ̀ fún ọ. Ìlà mẹ́rin ni àpótí kan gbà, bíi ogójì lẹ́tà ní ìlà kan, torí àwòrán ojú rẹ̀ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Sọ fún mi bóyá ó kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, àbí ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Sọ fún mi irú ìkíni tó yàn. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọwọ́ yọ nínú ìkòkò ni, aró bo ọwọ́ náà dé ìgbọ̀nwọ́, aṣọ tí ọmọ wọ̀ bọ̀ sì funfun. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Èmi ò mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ na ọwọ́.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́ rẹ.