Má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nìkan

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ìyá rẹ kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, ó ti ń dá lọ ọjà. Ewúrẹ́ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Àwọn tó ní àwọn máa bá wa tún tiransifọ́má ṣe ti gba owó lọ, a ò tíì fojú kàn wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí o kò pè. Mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ló pọ̀, títí àbúrò rẹ fi gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ wo ohun tí bọ̀ọ̀dá mi ń ṣe.” Fọ́tò tí o gbé sórí WhatsApp ni. Honda Civic rẹ rèé níwájú ilé tí ò ń gbé ní Leeds, wọ́n ti yọ táyà iwájú kan, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì yọ síta lábẹ́ rẹ̀, sílípáàsì lo wọ̀. Mo ní kó fà á kó tóbi. Jáàkì ni mo ń wá. Mo rí i: jáàkì kékeré tó bá ọkọ̀ wá, èyí tí wọ́n ṣe kéèyàn lè fi pààrọ̀ táyà lójú ọ̀nà, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Mo ní kó tún fà á. Mò ń wá sítáǹdì, irin ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n máa ń tì sábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì bá ti gbé e sókè, kò sí sítáǹdì. Mò ń wá òkúta tàbí igi lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, kò sí. Ilẹ̀ iwájú ilé yẹn sì dà sí títì, mo rí i lára ipa tí omi òjò gbà ṣàn lọ.

Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, o kò gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti fóònù yìí, tí mò ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀wé. Mo lè ní kí àbúrò rẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò fẹ́ kó ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Àkànní, má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Mo bẹ̀ ọ́.

Owó páànù ilé ẹ̀yìn tí o ní o máa fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá kọ́ ló mú mi kọ̀wé. Òótọ́ ni pé òjò ń wọ yàrá, a ti gbé garawa sí i. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́, nígbà tí mo rí páálí sípíríǹgì tuntun tí o fẹ́ fi rẹ ọkọ̀ wálẹ̀ nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹni tó rówó ra sípíríǹgì mẹ́rin, báwo ni ò ṣe ní rówó ra sítáǹdì méjì? Mú un nínú owó páànù náà. Garawa ò tíì kún.

Mi ò sọ pé kí o má rẹ ọkọ̀ wálẹ̀. Mo mọ ohun tó dùn níbẹ̀. Bí sípíríǹgì bá kúrú díẹ̀ tó sì le, ọkọ̀ kì í fì bó bá ń yí kọ́nà, ó sì máa ń wuyì lójú, táyà rẹ̀ á kún àyè rẹ̀ dáadáa. Níbí, gíga làwọn oníbàárà mi ń wá. Rọ́bà ni wọ́n máa ń ní kí n fi sáàárín sípíríǹgì kí kòtò má baà ha ikùn ọkọ̀. Síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń gbé Golf wá, wọ́n á ní, “Ọ̀gá, ẹ gé e fún wa.” Mo gé e. Ayùn irin ni mo fi gé e, mo sì gbowó. Kì í pẹ́ tí ṣọ́ọ̀kù fi máa ń kú, nítorí kò rin ibi tí wọ́n ṣe é pé kó máa rìn mọ́. Bí wọ́n bá sì gbé ọkọ̀ sókè, sípíríǹgì á yọ kúrò ní ìjókòó rẹ̀. Inú mi dùn pé èyí tí wọ́n ṣe fún Civic lo rà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o fi iná sí i kó lè tún wálẹ̀ sí i, sá fún onítọ̀hún. Irin sípíríǹgì tó bá ti gba iná kò ní líle rẹ̀ mọ́.

Àbúrò rẹ ka ara páálí fún mi, ó ní mílímítà 30 ló máa fi wálẹ̀. Mo fi ìka wọ̀n ọ́n lórí tábìlì. Ìka méjì! Nítorí ìka méjì lo ṣe lọ sùn sábẹ́ irin tó ju tọ́ọ̀nù kan lọ?

Ó dáa, jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Gbé ọkọ̀ lọ síbi tí ilẹ̀ gbé tẹ́jú, tó sì le. Bí ò bá sí lọ́dọ̀ rẹ, bẹ ọ̀rẹ́ tó ní ibẹ̀. Fi igi dí táyà tó wà nílẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Hándì-bíréèkì táyà ẹ̀yìn ló ń dì mú, nítorí náà lọ́jọ́ tí o bá gbé ẹ̀yìn sókè, má gbẹ́kẹ̀ lé e, igi tó o fi dí táyà iwájú ni tìrẹ. Gbé e sókè, ti sítáǹdì sí ibi tí wọ́n sàmì sí lábẹ́ rẹ̀, sọ ọ́ kalẹ̀ lé sítáǹdì, lẹ́yìn náà kí o fi ọwọ́ mi ọkọ̀ náà dáadáa. Bó bá fẹ́ ṣubú, kó ṣubú nígbà tí o wà níta. Táyà tí o yọ, má jù ú sórí kóríko, tẹ́ ẹ sábẹ́ etí ọkọ̀. Bí gbogbo nǹkan bá yẹ̀, orí táyà ni yóò jókòó lé.

Sípíríǹgì iwájú, èyí tó wà lára ṣọ́ọ̀kù, òun ni mo tún fẹ́ kó o bẹ̀rù. Kì í sinmi. Bí o bá tiẹ̀ yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀, tí o ń wò ó jẹ́ẹ́ lórí tábìlì, agbára ńlá ṣì wà nínú rẹ̀, nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lókè ló dì í mú. Má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì náà kí o tó fún sípíríǹgì pọ̀. Irin méjì tí wọ́n fi ń fún un, kọjú wọn síra, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Yí èyí díẹ̀, yí ìyẹn díẹ̀, má jẹ́ kí ọ̀kan ṣáájú èkejì. Fi gíríìsì ra ojú bóòtì wọn. Sípánà ọwọ́ ni kí o lò, má lo èyí tó ń fi iná yí. Nígbà tí sípíríǹgì bá ti ń mì lọ́wọ́ rẹ nínú ìjókòó rẹ̀, ìgbà yẹn ni kí o tó tú nọ́ọ̀tì òkè. Kí ojú rẹ má wà lókè rẹ̀. Kí ojú ẹnikẹ́ni má wà lókè rẹ̀.

Má jẹ́ kí ọ́ọ̀sì bíréèkì gbé ẹrù, fi wáyà so họ́ọ̀bù, ibi tí wọ́n ń de táyà mọ́, mọ́ ara ọkọ̀. Àwọn bóòtì tó di búùṣì (rọ́bà oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀) mú, má fún wọn pinpin nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ṣì ń rọ̀ dirodiro. Jẹ́ kí ìwúwo ọkọ̀ padà sórí táyà ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà rẹ̀ á lọ́, kò sì ní pẹ́ tí á fi ya.

Mo mọ gbogbo èyí. Mo ti mọ̀ ọ́n kí a tó bí ọ.

O rántí bọ̀ọ̀dá tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tó máa ń ra bisikíìtì fún ọ, tí apá òsì rẹ̀ kì í ga kọjá àyà. O bi mí nígbà kan pé kí ló ṣe é. Mo ní oríkunkun ni, mo ní mo sọ fún un pé kó ti igi sábẹ́ ọkọ̀, kò gbọ́. Ohun tí mo sọ fún ìyá rẹ náà nìyẹn. Ohun tí mo sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí wọ́n jókòó yí mi ká ní pálọ̀.

Irọ́ ni mo pa.

1994 ni. Peugeot 504 ni, sípíríǹgì ẹ̀yìn la fẹ́ yọ. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́níyà sì jẹ́ yẹ̀pẹ̀ lásán. Ẹni tó ni ọkọ̀ dúró tì wá, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà gbé jáàkì sókè tán, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n mú igi.” Ìtì igi méjì la máa ń tì sábẹ́ ọkọ̀. Èmi ni mo jókòó lé ọ̀kan. Mi ò dìde. Mo ní, “Wọlé jàre, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.” Ó wọlé.

Jáàkì ò ṣẹ́ o. Ilẹ̀ ló rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ gẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Ẹni mẹ́fà ló gbé ọkọ̀ náà kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí a fà á jáde, ó ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá.” Èmi ni ó ń bẹ̀.

Ó ku oṣù mẹ́rin kó ṣe fíríídọ̀m. Mi ò ṣe é fún un. Mo ní ọwọ́ kan ò lè ṣe mẹ́káníìkì. Káàdì ìpè ló ń tà báyìí ní Ọjọ́ọ̀, lọ́dọọdún ló sì ń wá kí mi lọ́jọ́ ọdún, ó máa ń mú ẹran dání. Èmi náà á fún un lówó. A kì í sọ ọ̀rọ̀ igi.

Nítorí náà nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ rẹ nínú fọ́tò yẹn, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Àbúrò rẹ bi mí pé kí ló dé tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ní àgbà ni. Má wọ abẹ́ rẹ̀, Àkànní. Má sọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Bí o bá ṣe é tán, gbé e lọ sí aláìnímẹ́ǹtì, àwọn tó ń tún ìdúró táyà ṣe, kí o tó máa sáré, ẹsẹ̀ táyà á ti yí padà, á sì jẹ inú táyà tán. Kí wọ́n wo iná iwájú náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún mi pé ó yẹ kí o sọ fún àwọn oníṣúráǹsì rẹ pé o ti yí sípíríǹgì padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè ní àwọn ò ní sanwó bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Sọ fún wọn.

O kò ṣe ohun tó burú. Mo rí i pé o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe nǹkan, mo sì rí ọwọ́ mi níbẹ̀. Ìyá rẹ ti sùn. Mi ò tíì sọ èyí tí mo kọ sókè yẹn fún òun náà.

Lọ́jọ́ tí o bá tún gbé e sókè, kí o tó sùn sílẹ̀, ya fọ́tò sítáǹdì méjèèjì fún mi. Kí ó hàn pé ọkọ̀ jókòó lé wọn. Bó jẹ́ òru lọ́dọ̀ wa, fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ