Àwọn tó ni ẹ̀rọ gan-an náà ní kí wọ́n má ti lẹ́tà pa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń ti ọ̀rọ̀ wọn pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tí wọn kò fi ránṣẹ́ sí má lè kà á. Ó dùn ún kà, àmọ́ ibi méjì wà níbẹ̀ tí n kò lè gbé mì. Ẹni tó kọ ọ́ ní wọ́n ju Phil Zimmermann, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń ti lẹ́tà pa, sẹ́wọ̀n. Rárá o. Ó tún ní ìjọba Amẹ́ríkà nìkan ló gbógun ti ọ̀rọ̀ títìpa láyé ìgbà náà. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀wọ̀n kúrò nílẹ̀ ná. Ní oṣù kẹfà 1991 ni Zimmermann, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Colorado, fi ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń jẹ́ PGP sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ tó fi kọjá ààlà. Òfin Amẹ́ríkà sì ka irú ètò bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun ìjà ogun nígbà náà, èèyàn kò gbọdọ̀ kó o jáde láìgbàṣẹ. Láti 1993 ni ìjọba ti ń tọpinpin rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1996 wọ́n pa fáìlì dé, wọn ò fi ẹ̀sùn kankan kàn án. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ní 1995, ilé ìtẹ̀wé yunifásítì MIT tẹ gbogbo ohun tó wà nínú PGP sórí bébà, wọ́n dì í ní ìwé, wọ́n ń tà á. Ètò kan náà tó jẹ́ ohun ìjà nínú dísíìkì di ọ̀rọ̀ lásán nínú ìwé, òfin wọn kò sì jẹ́ kí ìjọba di ìwé lọ́wọ́. Nígbà tó di 1997, wọ́n kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé Norway, àwọn olùyọ̀ǹda fi ẹ̀rọ ka ojú ewé tó lé ní 6,000 padà sínú kọ̀ǹpútà.

Kí ló wá wà nínú PGP tó le tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí a wà ní kékeré, bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ìyá wa, ẹnà la máa ń fọ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ọmọ ará ilé kejì ní ẹnà yẹn ni tiwa bàjẹ́, nítorí ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n fọ̀ ti mọ̀ ọ́n gbọ́ náà nìyẹn. Ohun tí àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Whitfield Diffie àti Martin Hellman, gbé jáde ní 1976 ni pé a lè ya méjèèjì sọ́tọ̀: kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ pa kò ní lè ṣí i. O lè gbé èyí tí wọ́n fi ń tì í kọ́ sójú ọjà. Tọwọ́ rẹ nìkan ló ń ṣí i. Ohun tí PGP ń lò nìyẹn.

Ó wá ku àwọn tí òǹkọ̀wé yín gbàgbé. Ní 1984 ni Tom Jennings dá FidoNet sílẹ̀ ní San Francisco, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó ń bá ara wọn gbé lẹ́tà lórí fóònù. Ẹ fojú inú wò ó: kọ̀ǹpútà kan nínú yàrá ẹnì kan, okùn fóònù kan, tí ẹ̀rọ ń pe ẹ̀rọ lóru láti gba ẹrù lẹ́tà. Lẹ́tà kan lè gba ilé mẹ́ta, mẹ́rin kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Kò sí ẹni tó ń san owó oṣù fún àwọn tó ni ẹ̀rọ, ìyẹn àwọn sysop. Àpò ara wọn ni wọ́n fi ń san owó fóònù. Òfin wọn kò sì ju méjì lọ ní pàtàkì: má ṣe yọ ẹlòmíràn lẹ́nu jù, kí ìwọ náà má sì tètè bínú. Àwọn wọ̀nyí kan náà ló kọ ọ́ sínú ìlànà wọn ní 1989 pé bí èèyàn bá fi lẹ́tà títìpa ránṣẹ́ láìjẹ́ pé gbogbo ẹni tí yóò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá fọwọ́ sí i, ìyọnilẹ́nu ni. Sysop ní ẹ̀tọ́ láti wo ohun tó ń gba ilé rẹ̀ kọjá.

Ẹ má tíì bú wọn. Ẹ̀rù pé ìjọba lè wá gbé ẹ̀rọ ẹni lọ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní March 1, 1990, Secret Service, àwọn agbófinró ìjọba Amẹ́ríkà, ya wọ ilé iṣẹ́ Steve Jackson Games tó ń ṣe eré ní Austin, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lọ pẹ̀lú lẹ́tà oníbàárà nínú rẹ̀, láìsí pé ilé iṣẹ́ náà ṣẹ̀ sófin kankan. Ilé ẹjọ́ dá ilé iṣẹ́ náà láre ní 1993, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró di ìgbà yẹn?

Mo mọ ẹ̀rù yẹn. Mo ní kafé n'Íbàdàn ní 2003, kọ̀ǹpútà mẹ́fà, jẹnẹrétọ̀ kan. Bí ọlọ́pàá bá dé, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ dì mú, kì í ṣe ọmọ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Nítorí náà mo máa ń rìn lẹ́yìn wọn, mò ń wo ojú ẹ̀rọ, mo sì gbà pé ẹ̀tọ́ mi ni.

Ibi tí mo ti yí padà rèé. Màmá kan máa ń wá, èmi ni mo ń bá a tẹ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní London. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Kọ ọ́ pé, ìyàwó rẹ yìí..." Ó wo ojú mi. Ọwọ́ mi wà lórí kíbọ́ọ̀dù. "Ọmọ mi, fi ìyẹn sílẹ̀. Kọ ọ́ pé a wà dáadáa."

N kò dá a dúró. N kò sọ pé kó má sọ ọ́. Ojú mi lásán ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, n ò sì mọ̀ títí dòní ohun tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n yẹn ṣe nínú èyí tó ń bọ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.